Idẹ Tó Ní Inú

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni bàbá mi máa ń tú fèrè idẹ rẹ̀ fọ̀. Òde Sátidé ti parí, ti Sọ́ńdè náà ti parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ tó wá láti Ìnísà àti Òkukù ti wọ ọkọ̀ padà sílé. Èmi ni mo máa ń pọn omi sínú báàfù ńlá tí ìyá mi fi ń fọ aṣọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí omi náà gbóná. Ó ní kí n ti ìgbúnwọ́ mi bọ̀ ọ́ bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń ṣe. Bí ara ìgbúnwọ́ bá gbà á, ara fèrè á gbà á. Ọdún 1964 ni mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, nílé wa ní Ìkìrun, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lórí ẹní.

Títú náà ní ètò. Aṣọ funfun kan wà tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹnu kékeré tí ó ń gbé sí ètè ni yóò kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀pá kéékèèké tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ṣeé fà jáde, mẹ́rin ni wọ́n. Ìgbà náà ni yóò wá kan àwọn písítìn mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀. Nọ́ńbà wà lára wọn, 1, 2, 3, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Bàbá mi kò fi ìyẹn ṣeré rárá. Bí a bá kó ọ̀kan sí ilé ẹnìkejì rẹ̀, èémí kò ní rí ọ̀nà gbà. Ẹni tó ń fọn ún á kàn wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán ni.

Ó ní okùn kan tí ó so òjé kékeré mọ́ lórí, tí ó so aṣọ kóńkó mọ́ nídìí. Yóò ju òjé náà sí ihò fèrè, yóò máa yí fèrè náà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí òjé á fi yọ lápá kejì, yóò wá fa okùn. Ohun tó máa ń tẹ̀lé aṣọ náà jáde ni mi ò lè gbàgbé: ohun dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá àná, àti ẹ̀rún obì láàárín rẹ̀. Gbàǹja ni, èyí tí wọ́n ń di ní àpò láti agbègbè wa, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lọ sílẹ̀ Haúsá. Àwọn onífèrè a máa jẹ ẹ́ mọ́jú kí oorun má bàa kùn wọ́n lórí ìdúró. “Obì ni ọ̀tá fèrè,” bàbá mi á wí, á sì ju èyí tó kù nínú àpò rẹ̀ sẹ́nu.

Àwọn tó ń sọ ìtàn fèrè nílẹ̀ wa, orúkọ àwọn tó fọn ún ni wọ́n ń kà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrè tí a kò fọ̀ kì í pẹ́ tó fi ń yadi. Ẹnìkan ní láti wà nílé tó ń pọn omi. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí mo sì já sí ni pé kí fèrè tó dé bá wa, a ti mọ idẹ dunjú, àmọ́ idẹ tí a mọ̀ kò ní inú.

Ìyá bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ èyí. Ará Òṣogbo ni, olọ́ṣun ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ìkìrun. Ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ méje, abẹ̀bẹ̀ kan àti agogo kékeré kan. Idẹ ni gbogbo wọn. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá ku ọ̀la, yóò kó wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Yóò gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, yóò tẹ ojú rẹ̀ mọ́ eérú tí a ti jọ̀, yóò máa fi ra idẹ náà yí ká, kò ní kánjú. Ohun dúdú ara rẹ̀ á máa ṣàn sílẹ̀ bí omi aró. Lẹ́yìn náà, kànìnkànìn àti yanrìn odò tó kúnná. Lẹ́yìn náà, omi tútù. Lẹ́yìn náà, oòrùn. Nígbà tí ó bá parí, àwọn ẹ̀gbà náà á máa kọ mànà lórí ẹní débi pé àwọn adìyẹ á yà fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rùn fún ọsàn títí di alẹ́.

Kíkan inú ọsàn ló ń jẹ èérí tí afẹ́fẹ́ àti òógùn ara ti fi bo idẹ. Eérú àti yanrìn ló ń há a kúrò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá àgbà mi ní èyí ní ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ìmọ̀ idẹ ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, idẹ ni púpọ̀ nínú wọn, ó sì ju ẹgbẹ̀ta ọdún dáadáa lọ tí wọ́n ti dà wọ́n. Ẹdan Ògbóni, idẹ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn asudẹ ṣì wà nítòsí wa tí iṣẹ́ wọn lókìkí: Yemi Bisiri wà ní Ìlobùú tó ń da ère Ògbóni, Jinadu Oladepo wà ní Òṣogbo tó ń da ẹ̀gbà àti ère kéékèèké. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà dànù, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀.

Òótọ́ ni pé orí Ifẹ̀ ṣófo nínú, agogo ìyá àgbà mi náà ṣófo. Síbẹ̀ kò sí ohun tó ń gba inú wọn kọjá. Òde ni ojú ń rí, òde ni ọwọ́ ń dé, òde náà la sì ń fọ̀. Kàkàkí nìkan ni mo lè kà sí aṣáájú fèrè nínú ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń fọn fún ọba ní Ìlọrin àti ní Ọ̀yọ́. Ó gùn ju ẹni tó ń fọn ún lọ, ṣùgbọ́n ó tọ́ tààrà, ó sì ṣeé já sí méjì. Bí a bá gbé e dúró, itọ́ inú rẹ̀ á ro sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní kọ̀rọ̀ kankan.

Fèrè bàbá mi, kọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá ní ká nà án tọ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Wọ́n wá ká a jọ kí ó lè ṣeé gbé sí abíyá. Àwọn ará Jámánì méjì, Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ní Berlin lọ́dún 1818 lórí ọgbọ́n fífi ìka darí èémí gba ọ̀nà gígùn tàbí ọ̀nà kúkúrú nínú fèrè. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ará Faransé kan, François Périnet, tó ṣe irú písítìn tó wà lára ti bàbá mi. Ihò ni wọ́n lu sí ara písítìn kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, èémí á gba ihò kan kọjá tààrà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á gba ihò mìíràn yà sí ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́, ohùn á sì wálẹ̀. Àyè tó wà láàárín písítìn àti ilé rẹ̀ kò tó ìbú irun orí. Ẹyọ yanrìn kan ṣoṣo tó láti há a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi yanrìn yìí sọ́kàn.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dé Ìkìrun? Ọwọ́ àwọn ológun àti ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ló ti kọ́kọ́ wọlé láti Èkó, lẹ́yìn náà ọwọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ Boys’ Brigade tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1883 dé Èkó ní 1908. Salvation Army dé ní 1920, àwọn yẹn kì í sì í wàásù láìsí fèrè idẹ. Ojú irin ló gbé e gòkè. Ogun Jálumi tí wọ́n jà ní ìlú wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá odò Ọ̀tìn lọ, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878 ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1907, ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo. Ní 1909 ó ti kọjá lára wa dé Jẹ́bà. Ẹni tó fi ọmọdé sá ogun yẹn lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń tú èéfín. Ohun tó bá ti wọ Èkó, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa mọ́.

Bàbá mi, lẹ́nu àwọn ọmọ Brigade ló ti kọ́kọ́ gbọ́ fèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni háíláìfù dé. E. T. Mensah ń ti Accra wá, Bobby Benson wà ní Èkó, Victor Olaiya dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ Olaiya yìí náà ni wọ́n pè láti ṣeré níbi ijó ìjọba nígbà òmìnira ní 1960. Ọdún yẹn kan náà ni Louis Armstrong gbé fèrè rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ àwọn wọ̀nyí lórí rédíò tí kò wù láti gbé idẹ sẹ́nu. Bàbá mi ra tirẹ̀ lọ́wọ́ sójà kan tó ti ogun Burma dé, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń wá owó tí yóò fi kọ́lé. Agolo Brasso kan tó ti dé ìdajì wà nínú àpótí fèrè náà.

Brasso yìí, ẹni tó bá ti ṣe sójà tàbí ọlọ́pàá nílẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní nǹkan bí 1905, bọ́tìnnì àti bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń dán. Nínú rẹ̀ ni ammonia wà àti ìyẹ̀fun òkúta tó kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Ó ń dán idẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá fi í pa á ni ó ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Fèrè tuntun ní fánìṣì tí wọ́n fi bo idẹ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa dé ara rẹ̀. Brasso á kọ́kọ́ jẹ fánìṣì yẹn ṣákálá-ṣákálá, á wá kọjú sí idẹ. Sójà yẹn kì í fi ọjọ́ kan ṣeré. Nígbà tí fèrè náà fi máa dé ọwọ́ wa, kò sí fánìṣì mọ́ lára rẹ̀, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fín sí ẹnu ńlá rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mo máa ń fi èékánná tọ ipa wọn, mi ò rí wọn kà rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1965 ni mo fẹ́ sọ báyìí. Bàbá mi lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó lọ gbọ́ Eddy Okonta ní Paradise Club, kò gbé fèrè tirẹ̀ dání. Ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ku ọ̀la, ìyá àgbà mi sì ti kó idẹ rẹ̀ jáde. Mo wo àwọn ẹ̀gbà náà bí wọ́n ṣe ń tàn, mo wo fèrè bàbá mi tó ti ṣú lára ògiri. Mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká fọ ti bàbá mi mọ́ ọn.” Wọ́n wò mí. “Àbẹ̀kẹ́, gbé e wá. Idẹ ni idẹ ń jẹ́.”

A fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ abẹ̀bẹ̀. Ọsàn, eérú, kànìnkànìn, yanrìn. Inú mi dùn púpọ̀. Kí a tó ṣan án tán, òjò ṣú, a kó gbogbo rẹ̀ wọlé gììrì, mo ti fèrè sábẹ́ ibùsùn, oorun gbé mi lọ. Ààbọ̀ ọsàn kan lẹ̀ mọ́ ẹnu ńlá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibi tí ọsàn yẹn sùn sí kò ní àwọ̀ idẹ mọ́ láàárọ̀. Ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́, ó pọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Mo fi epo pa á, kò lọ. Nígbà tí bàbá mi dé, kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ písítìn kejì, písítìn náà lọ sílẹ̀, kò gòkè mọ́. A gbọ́ ọ bí ó ṣe ń ha inú ilé rẹ̀: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Yanrìn odò Ọ̀tìn ni.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ má jẹ́ kí yanrìn kan nǹkan yìí mọ́.”

“Idẹ wo ló ń sá fún yanrìn?”

“Èyí tó ní inú ni, Ìyá.”

Ìyá àgbà mi kò fèsì lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé àpótí wọn wá jókòó tì wá. Wọ́n ní kí bàbá mi fa okùn náà lójú wọn. Nígbà tí aṣọ jáde pẹ̀lú ohun dúdú rẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n ní, “Itọ́ rẹ ló ń jẹ ẹ́. Ọsàn jẹ ẹ́ lóde, o bínú. Ohun tí ẹnu rẹ ń ṣe fún un nínú lóòjọ́, o ò bínú sí i.”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Idẹ jẹ́ àdàlù bàbà àti síǹkì, tí bàbà rẹ̀ máa ń pọ̀ ju síǹkì lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kíkan a máa wá síǹkì rí, a máa fà á jáde, bàbà nìkan á ṣẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí ojú ibẹ̀ fi ń pọ́n. Ohun tí ọsàn ṣe lóru kan, itọ́ àti ìyókù oúnjẹ ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti inú, ní pàtàkì nínú ọ̀pá àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé ẹnu. Ojú kì í rí i. Ọjọ́ tí àmì pupa kéékèèké bá fi máa yọ sí òde, ọ̀pá náà ti di kẹrẹwẹ nínú, kò ní pẹ́ lu. Kò sí òróró tó lè dá a padà.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà mi ti sọ ọ́ di òfin: bàbá mi kò gbọdọ̀ gbé fèrè sẹ́nu láì kọ́kọ́ run orín kí ó sì fi omi ṣan ẹnu. Wọ́n á di orín àtà kan sínú bébà, wọ́n á kì í bọ àpótí fèrè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín; nígbà tó ṣe, àwọn náà ń tọrọ orín lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ òde. Mo ti ka ìwé àwọn tó ń ṣe fèrè lókè òkun. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí onífèrè fọ ẹnu rẹ̀ kí ó tó fọn ún. Olọ́ṣun kan ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkìrun lórí àpótí ìdáná.

Ohun èlò ìtọ́jú tí a ní kò pọ̀, ilé la ti ń wá wọn. Òróró máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi la ń kán sí písítìn, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Vaseline là ń fi ra àwọn ọ̀pá tó ń fà jáde kí wọ́n má bàa há. Kọ́ọ̀kì kékeré wà lábẹ́ ihò tí itọ́ ń gbà jáde. Bí ó bá jẹrà, ọ̀bẹ la fi ń gé òmíràn lára ìdérí ìgò oògùn. Fìlà òyìnbó kan tí kòkòrò ti bà jẹ́ la gé sí wẹ́wẹ́ fún òrùka rírọ̀ tó wà lábẹ́ orí písítìn, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ìka bá ń sáré. Bí ẹnu kékeré bá há mọ́ ọ̀pá, bàbá mi kì í fi ẹ̀mú fà á. Ẹ̀mú ti ba fèrè jẹ́ ju ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ. Yóò gbé e sórí itan, yóò máa fi ọmọrogùn gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yí ká, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn bíi pé kò bìkítà, títí yóò fi gbà.

Bí fèrè bá ṣubú tó sì tẹ̀ wọnú, a ó gbé e lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ rédíétọ̀ mọ́tò létí gáréèjì. Èyí ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, àmọ́ ó bọ́gbọ́n mu: idẹ àti bàbà ni rédíétọ̀ ìgbà náà, ẹni tó lè fi òjé lẹ ojú tó lu níbẹ̀ láì jẹ́ kí iná yọ́ ìyókù, ó lè lẹ fèrè. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ọkùnrin yẹn. Ó ní irin kan tí orí rẹ̀ rí roboto bí ẹyin àparò, èyí ni yóò tì bọ inú fèrè, yóò máa fi ti ibi tó tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú. Mo rántí bí ó ṣe máa ń di ojú rẹ̀ bí ó bá ń ṣe é. Ó ní ojú kò wúlò níbẹ̀, etí ni.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ háíláìfù ní Èkó àti Ìbàdàn jẹ́ ọmọ Ìgbò, wọ́n padà sílé wọn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì tú. Nígbà tí ogun fi máa parí ní 1970, gìtá jùjú ti gba òde. Ebenezer Obey àti Sunny Ade ni gbogbo olówó ń pè. Fela di fèrè mú ní Èkó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkìrun kọ́ ni Fela wà. Ẹgbẹ́ bàbá mi kò jà, wọn ò sì ṣe ìpàdé pé àwọn tú u ká. Òde ló dá. Àwọn ará Òkukù ni wọ́n kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá.

Fèrè rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925, kò ka fèrè idẹ léèwọ̀, wọ́n fẹ́ ẹ. Níbẹ̀ ni Brasso ti kúrò nílé wa pátápátá, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: aṣọ funfun ni sútánà. Bí a bá fi Brasso pa fèrè láàárọ̀ Sọ́ńdè, ohun dúdú rẹ̀ á fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ọ̀pá, orin kan ṣoṣo, á ti kun àyà bàbá mi dúdú. Láti ìgbà náà, ọṣẹ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ la fi ń tọ́jú òde. Fèrè náà ṣú díẹ̀, ó dà bí oyin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Fèrè ti padà sóde lónìí. Kò sí ìsìnkú olówó láti Ìrágbìjí dé Ọ̀fà tí àwọn ọ̀dọ́ onífèrè kì í ṣíwájú òkú, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì, trọ́ńbóònù kan, ìlù lẹ́yìn. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 1986, agbára káká ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù fi lè ra fèrè tuntun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà. Ti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ń rà, tàbí tòkunbọ̀, tàbí ti Íńdíà, níbi tí ìlú Meerut ti jẹ́ ojúkò iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ Nadir Ali ti wà níbẹ̀ láti 1885. Púpọ̀ nínú èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀, idẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́, fánìṣì rẹ̀ kò lágbára. Ìtọ́jú ni wọ́n nílò ju ti bàbá mi lọ, ìtọ́jú yẹn gan-an ni wọn kì í rí.

Àwọn ọmọ náà ń wá sọ́dọ̀ mi. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ìyá àgbàlagbà kan wà tó mọ bí a ṣe ń tú fèrè, ó sọ fún ẹlòmíràn. Fèrè wọn a máa tàn lóde bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Màá ní kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n fi ìgbúnwọ́ wò ó. Màá yọ àwọn písítìn lé aṣọ funfun, 1, 2, 3, màá ju òjé sí ihò, màá ní kí onífèrè fúnra rẹ̀ fa okùn. Gbàǹja kọ́ ló ń jáde nínú tiwọn. Ẹlẹ́rìndòdò ni, èyí tó ń mú kí ojú là lóru, tó lẹ̀ pàtì-pàtì mọ́ ara ọ̀pá bí oje ìbẹ́pẹ. Ọmọ kan rí i ní oṣù tó kọjá, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Orín ni mo fún un.

Bàbá mi kú ní 1991. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú rẹ̀, mo pọn omi sí báàfù. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń búra fún mi pé òun ti fi obì sílẹ̀, pé dókítà ní kí òun má jẹ ẹ́ mọ́. Mo fa ọ̀pá kékeré ti písítìn kejì jáde, ó há díẹ̀, mo gbọn ọ́n sórí aṣọ funfun. Ẹ̀rún gbàǹja kan jábọ́, kò tó ìdajì ẹ̀wà, ó ti gan bí òkúta. Mo fi omi ṣàn án, mo sì fi í sínú agolo Vaseline kan tó ti tán, pẹ̀lú àwọn kọ́ọ̀kì àti ìrẹ́pẹ́ fìlà tó kù. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa rí i bí mo bá ń wá kọ́ọ̀kì fún wọn, wọ́n rò pé ara ohun tó ń lọ sínú fèrè ni.